Òórùn Tó Ń Padà Wá: Bí Ẹ Ṣe Lè Lé E Kúrò Nínú Ilé Láìnáwó Rẹpẹtẹ

Ẹ gbálẹ̀ láàárọ̀, ẹ nu tábìlì, ẹ fín lọ́fíńdà sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, òórùn àná ti tún jókòó sípò rẹ̀. Ẹ ra ìgò lọ́fíńdà mìíràn, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé owó ni àwọn kò ní, pé ilé olówó nìkan ló ń ta sánsán.

Owó kọ́ ló dá ìṣòro yìí sílẹ̀, ètò iṣẹ́ ló dàrú. Ara nǹkan ni òórùn burúkú ti ń jáde: ara ohun tó tutù tí kò rí àyè gbẹ, ohun tó ń jẹrà, ọ̀rá tó ti dì mọ́ ibì kan, ìtọ̀ tàbí òógùn tó ti wọ inú aṣọ. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan náà bá ṣì wà níbẹ̀, tọ̀sán tòru ni yóò máa rùn, lọ́fíńdà tí ẹ fín yóò sì ti fò lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, ẹ wá a rí, ẹ kó o kúrò, ẹ fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òórùn dídùn tó kàn. Gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni kí ẹ ṣe wọ́n. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló tọ́ sí i.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ọṣẹ ìfọbọ́ tàbí ọṣẹ ìfọṣọ, èyíkéyìí tó bá wà nílé. Òun ni olórí gbogbo wọn. Bí owó ọwọ́ yín bá tó ohun kan ṣoṣo rà, ọṣẹ ni kí ẹ rà.
- Baking soda, páálí kan.
- Fínígà funfun, ìgò kan.
- Bílíìṣì, ìgò tó kéré jù lọ tí ẹ bá rí. Ìgò ńlá kì í ṣe èrè níbí, nítorí agbára bílíìṣì máa ń dínkù bó bá ti pẹ́ nílẹ̀.
- Korobá méjì: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí a ó fi ṣan nǹkan.
- Àkísà mẹ́fà, ó kéré tán, láti ara aṣọ òwú tó ti gbó. Ẹ ya méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sọ́tọ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan.
- Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, búrọ́ọ̀ṣì líle kan, àti ìgbálẹ̀.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tọ́ọ̀ṣì, àti láílọ́ọ̀nù mélòó kan tí kò lu.

Ẹ lè fi oríṣiríṣi ìgò tí wọ́n ń tà fún yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ti dígí lọ́tọ̀, ti tábìlì lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ lọ́tọ̀. Omi àti ọṣẹ lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn.

Ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣí ìgò kankan

Ẹ kò gbọdọ̀ po bílíìṣì mọ́ fínígà tàbí mọ́ oògùn ìfọlé-ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì. Gáàsì chlorine ló máa ń jáde níbẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ pò ó mọ́ ohunkóhun tó ní amóníà, nítorí gáàsì chloramine ni ìyẹn ń tú jáde. Àwọn méjèèjì ń jó ojú, imú àti ọ̀fun, wọ́n sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà ní amóníà, nítorí náà omi lẹ ó kọ́kọ́ fi ṣan án dáadáa kí bílíìṣì tó débẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ tí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ má dúró nu nǹkan kan. Ẹ jáde lọ gba atẹ́gùn, ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ wá ibi tí òórùn ti ń wá

Ibí yìí ló le jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Imú tó bá ti pẹ́ nínú ilé kì í gbọ́ òórùn ilé náà mọ́; ó ti mọ́ ọn lára. Ìdí nìyí tí àlejò fi ń gbọ́ ohun tí onílé kò gbọ́. Ẹ lè sọ imú yín di ti àlejò báyìí:

1. Ẹ pa gbogbo fèrèsé dé, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan, kí òórùn yàrá kan má baà wọ inú òmíràn.
2. Ẹ jáde síta fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ má fín lọ́fíńdà sára kí ẹ tó jáde.
3. Ẹ padà wá, kí ẹ wọ yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Ìmí méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ bá fà ló ń sọ òótọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn yàrá méjì, ẹ tún jáde lọ gba atẹ́gùn díẹ̀.
4. Yàrá tí ẹ bá fura sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ igun ilẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ àga àti ìrọ̀rí. Kọ́tìnnì ló kẹ́yìn.
5. Ohun tó bá ṣeé gbé tí ẹ kò dá lójú, bí ìrọ̀rí, bàtà tàbí àkísà, ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pa fún wákàtí mélòó kan. Ẹ tú u, kí ẹ gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Láílọ́ọ̀nù kì í purọ́.
6. Ògiri, ilẹ̀kùn àti òkè àjà: ẹ fi àkísà funfun tó rin díẹ̀ nu ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì gbọ́ àkísà náà. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ń rùn, èéfín tàbí ọ̀rá ti dì mọ́ ibẹ̀.

Irú òórùn tó jẹ́ náà ń tọ́ka. Èyí tó dà bí aṣọ tí wọ́n ká mọ́ inú àpótí nígbà tí kò tíì gbẹ, ọ̀rinrin ni. Èyí tó ń kan, àkísà, kànìnkànìn tàbí aṣọ ìnura ni. Èyí tó ń ta imú, tó ń jó ojú díẹ̀, ìtọ̀ ni. Èyí tó wúwo, tó ní adùn burúkú kan nínú, tó sì ń le sí i lójoojúmọ́, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí àti inú àjà, ó ṣeé ṣe kí eku ti kú síbẹ̀.

Òórùn méjì wà tí kò yẹ kí ẹ máa fọṣẹ lé kiri. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ nítòsí sítóòfù tàbí sìlíńdà gáàsì, ó ṣeé ṣe kí gáàsì máa jò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn yẹn sí i ni, kí ènìyàn lè tètè mọ̀. Ẹ má ṣá iná, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á. Bí ó bá ṣeé ṣe láìléwu, ẹ ti gáàsì náà pa, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ sì dúró síta pe ẹni tó mọ iṣẹ́ gáàsì. Ìkejì ni òórùn ike tó ń jó, tàbí òórùn bí ti ẹja, tó ń jáde láti ara ihò iná. Wáyà ló ń gbóná jù. Ẹ pa iná ibẹ̀ láti orísun rẹ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ibi pàtó lórí ìwé yín. "Ilé ìdáná ń rùn" kò tíì tó; "abẹ́ síǹkì, lọ́wọ́ òsì" ló tó. Mo fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá òórùn kan nínú ilé ìdáná ara mi. Mo fọ síǹkì, mo fọ ilẹ̀, mo kó gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù síta. Ọjọ́ tí mo dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ni mo tó rí i pé abọ́ pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn fíríìjì, èyí tí omi máa ń kán sí, ti kún, omi inú rẹ̀ sì ti yi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sá fún.

Ìpele 2: Ẹ kó ohun tó ń jẹrà kúrò

Gbogbo ènìyàn ló ń da ìdọ̀tí nù. Ohun tí wọn kì í fọ̀ ni agolo ìdọ̀tí fúnra rẹ̀. Omi máa ń jò láti inú láílọ́ọ̀nù sí ìdí agolo, á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, á sì di ohun tí láílọ́ọ̀nù tuntun kò lè bò mọ́lẹ̀.

1. Ẹ gbé agolo náà síta. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, ìdí rẹ̀, àti abẹ́ ìdérí rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kí ẹ fi wọ ibi tí ìdérí ti kọ́ mọ́ ara agolo.
2. Ẹ ṣan án, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá.
3. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ wọ́n baking soda ṣíbí ìjẹun kan lé e, kí láílọ́ọ̀nù tó wọlé.
4. Ìdọ̀tí tó bá lómi, ẹ ro omi rẹ̀ dànù kí ẹ tó sọ ọ́ síbẹ̀. Omi yẹn gan-an ló ń rùn jù.

Kànìnkànìn àti àkísà ìnutábìlì jẹ́ ara ohun tó ń jẹrà, bí wọn kò tilẹ̀ jọ ọ́. Ẹ sè wọ́n nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fún wọn, ẹ sá wọn síbi tí atẹ́gùn ti lè gba ìhà méjèèjì wọn kọjá. Kànìnkànìn tí a bá fi sínú abọ́ pẹ̀lú omi ọṣẹ láti òru mọ́jú, èyí tó rùn jù ni yóò jẹ́ ní àárọ̀. Bí ó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn sísè, ẹ sọ ọ́ nù.

*Àyẹ̀wò:* ẹ da láílọ́ọ̀nù bo agolo tó ti gbẹ fún wákàtí kan, kí ẹ ṣí i, kí ẹ gbọ́ ọ. Kò yẹ kí òórùn kankan jáde ju ti ọṣẹ lọ.

Ìpele 3: Síǹkì àti ihò omi

Abẹ́ síǹkì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí páìpù ti tẹ̀ bí ìkọ́. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo, òun ló sì ń dí ọ̀nà mọ́ gáàsì tó fẹ́ gòkè wá láti inú páìpù ìdọ̀tí. Bí ihò omi kan bá wà nílé tí ẹ kì í lò, bíi ti balùwẹ̀ àlejò tàbí ti ilẹ̀ ibi ìfọṣọ, omi náà á gbẹ, òórùn á sì máa wọlé gbangba. Ẹ da omi lítà kan sínú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọ̀pọ̀ òórùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe púlọ́mbà ló parí síbẹ̀, omi lítà kan náà ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa da omi sí i ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò tó máa pẹ́, ẹ da òróró ṣíbí ìjẹun kan lé omi náà lórí. Kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ.

Bí ó bá jẹ́ síǹkì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ló ń rùn:

1. Ẹ yọ asẹ́ ẹnu ihò náà. Ẹ dà á délẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀. Ohun yíyọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ìdajì òórùn náà.
2. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ inú ẹnu ihò títí ibi tí ó bá dé. Ẹ wo ihò kékeré tó wà lókè ara síǹkì pẹ̀lú, èyí tí kì í jẹ́ kí omi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rántí ibẹ̀.
3. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ ṣíbí méjì sí i, kí ẹ da omi gbígbóná lé e díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń hó kò dára fún páìpù oníke. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀.
4. Bí òórùn bá ṣì wà, ẹ gbé korobá sábẹ́ ibi tó tẹ̀ bí ìkọ́, ẹ tú u, ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí korobá, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tún un dè. Ẹ kíyè sí bí rọ́bà inú rẹ̀ ṣe wà kí ẹ tó tú u, kí ẹ lè dá a padà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á da baking soda, wọ́n á da fínígà lé e, ó á hó yẹ̀ẹ̀, wọ́n á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Híhó yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti pa agbára ara wọn. Omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ nínú ló kù, gáàsì sì ti fò lọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa lo wọ́n. Baking soda dára fún ohun tó ń kan àti fún fífi ha ìdọ̀tí. Fínígà dára fún ohun funfun líle tí omi ń fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ omi, ó sì ń pa òórùn ẹja, nítorí ásíìdì ni ìṣẹ́gun irú òórùn bẹ́ẹ̀. Ẹ má da fínígà sórí òkúta mábù, ó ń jẹ ẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi láílọ́ọ̀nù bo ẹnu ihò náà, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé etí rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣí i kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nu ìdè tí ẹ tú nísàlẹ̀. Bí ó bá rin, ó ń jò.

Ìpele 4: Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀

Inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kì í sábàá jẹ́ olórí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìtọ̀ tó ń ta sílẹ̀ ni. Ó máa ń wọ ibi tí ìdí àwo náà ti kan ilẹ̀, ìdí ìdè tó mú ìjókòó rẹ̀, àti ara ògiri tó wà nítòsí.

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ara ògiri sísàlẹ̀, títí dé ibi tó ga tó orúnkún. Ẹ tú ìjókòó náà bí ó bá ṣeé tú, kí ẹ fọ abẹ́ ìdè rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tọ ìdí àwo yíká, ẹ ṣan án, kí ẹ nù ún gbẹ. Bí ohun líle bá ti dì sábẹ́ ètè àwo níbi tí omi ti ń jáde, ẹ rẹ bébà ìnùdí sínú fínígà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà kí ẹ ha á kúrò. Fínígà rọra ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń sọ pé kò wúlò.

Ó kan bílíìṣì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi púpọ̀ ṣan fínígà náà lọ tán, tó dára jù kó jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Ṣíbí ìmutíì mẹ́rin sí omi tútù lítà kan ni, àyàfi bí ara ìgò bá sọ iye mìíràn. Omi tútù ni, kì í ṣe gbígbóná. Ẹ fi nu ibi tí ẹ ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ojú ibẹ̀ sì rin fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí ẹ tó ṣan án. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn da bílíìṣì lé ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí á gba agbára rẹ̀ tán, kòkòrò àìfojúrí tó wà nísàlẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Èyí tí ẹ pò lónìí, ẹ da ìyókù rẹ̀ nù. Tó bá di ọ̀la kò lágbára mọ́. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà níbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti ilẹ̀kùn fún wákàtí kan, kí ẹ wọlé. Bí òórùn tó ń ta imú bá ṣì wà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ di àwo náà mú kí ẹ mì ín díẹ̀. Bí ó bá ń mì, èdìdì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lọ, ọṣẹ kò sì lè ṣe é. Púlọ́mbà ló kàn.

Ìpele 5: Aṣọ, bẹ́ẹ̀dì àti àga

Aṣọ máa ń mu òórùn bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi. Kọ́tìnnì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ àga ló fi jẹ́ pé ilé tó mọ́ lójú lè máa rùn.

Aṣọ ìnura tó ń kan ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni wọ́n ń fi ọṣẹ púpọ̀ bá jà. Kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Moraxella osloensis wà lára àwọn tó ń fa òórùn aṣọ tí kò tètè gbẹ. Ọṣẹ àpọ̀jù kì í ṣan tán. Ó máa ń kù sínú òwú, á sì máa mú ìdọ̀tí dání. Ẹ dín ọṣẹ kù. Ẹ rẹ aṣọ náà fún wákàtí kan nínú omi gbígbóná tó ní baking soda ìdajì ife nínú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, kí ẹ sì tẹ́ ẹ gbalaja sórí okùn. Aṣọ tí a ṣẹ́ sí méjì sórí okùn kì í gbẹ láàárín. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ má fi aṣọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí, ẹ nu rọ́bà ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé tọ́jú:

1. Ẹ ká gbogbo aṣọ orí rẹ̀ lọ fọ̀. Omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí Celsius ń pa àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú eruku bẹ́ẹ̀dì, bí aṣọ náà bá lè gbà á.
2. Ẹ wọ́n baking soda yí ojú fóòmù náà ká, kí ẹ fi ọwọ́ tàn án. Ó kéré tán, kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Ẹ gbá a kúrò tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ fà á.
3. Bí ó bá ṣeé gbé, ẹ gbé e lọ sínú oòrùn, ẹ dá a ró, kí ẹ yí i padà ní ọ̀sán.

Bí ìtọ̀ bá ti wà lára rẹ̀, ẹ má bo baking soda lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó fa omi rẹ̀, ẹ má fi ra á. Ẹ po fínígà àti omi ní ìdọ́gba, ẹ fi wọ́n ibẹ̀ kí ó rin, ẹ tún fi àkísà fa á. Ìgbà tó bá gbẹ díẹ̀ ni baking soda tó kàn. Ẹ má da omi korobá sórí fóòmù láéláé. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún kò ní gbẹ, ọ̀rinrin tí yóò kù síbẹ̀ yóò sì burú ju ìtọ̀ tí ẹ ń lé lọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi láílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ bo ibi tó ń rùn tẹ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Bí ẹ bá ṣí i tí ìkùukùu omi wà nínú láílọ́ọ̀nù náà, fóòmù kò tíì gbẹ. Ẹ má tẹ́ aṣọ lé e.

Ìpele 6: Ọ̀rinrin

Ẹni tó bá ṣẹ́gun ọ̀rinrin ti ṣe iṣẹ́ yìí já dé àárín, èmi kò sì mọ ohun tí lọ́fíńdà lè ṣe fún ilé tí ògiri rẹ̀ tutù. Ohun tó bá tutù tí kò gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, irú nǹkan dúdú tó máa ń hù sára ògiri tó rin lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀. Ẹ rí i pé ààyè kò gùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Ẹ gé láílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn kan, ẹ fi téèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri tó ń tutù, kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lójú láílọ́ọ̀nù tó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ní omi púpọ̀. Bí omi bá wà lẹ́yìn rẹ̀, lójú tó kọ sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá: páìpù tó ń jò, òrùlé, tàbí ilẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló ń gba owó yín sílẹ̀, nítorí kò sí fèrèsé ṣíṣí tó lè tún páìpù tó ń jò ṣe.

Bí ó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́:

1. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn, tàbí fèrèsé kan àti ilẹ̀kùn, kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tí a ṣí díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò tó èyí. Ẹ yan ìgbà tí òde bá gbẹ. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró.
2. Bí ẹ bá ń dáná tàbí tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ sí ìhà inú ilé, kí ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ooru omi rìn wọ yàrá.
3. Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, ó kéré tán kí àtẹ́lẹwọ́ lè gba àárín wọn. Ibi tí atẹ́gùn kò dé ni nǹkan ti ń hù.
4. Ẹ nu omi ògiri balùwẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni.
5. Ẹ má sá aṣọ tútù sínú yàrá tí ẹ ń sùn.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, ìwọ̀n 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Kó má ṣe kọjá 60.

Fún nǹkan dúdú tó ti hù lára ògiri, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ẹnu, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, yóò tú ká gbogbo yàrá. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ fi fáànù sí i. Ẹ má kun ọ̀dà lé e, yóò gba abẹ́ ọ̀dà jáde. Ìwé, páálí àti fóòmù tó bá ti hù wọ inú, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ó bá fẹ̀ ju bí mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú lọ, ẹ wá oníṣẹ́, pàápàá bí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nílé.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún lẹ láílọ́ọ̀nù mọ́ ibì kan náà. Kó gbẹ lójú méjèèjì ni à ń fẹ́.

Ìpele 7: Fíríìjì àti eruku

Fíríìjì kò le. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ kó inú rẹ̀ síta, ẹ po baking soda ṣíbí ìjẹun méjì mọ́ omi gbígbóná lítà kan, ẹ fi nu gbogbo inú rẹ̀. Ẹ la rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ nu inú ìlà rẹ̀. Ẹ rántí ihò kékeré tí omi ń gbà jáde àti abọ́ tó wà lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó dá nǹkan padà, kí inú rẹ̀ sì tutù tó ìwọ̀n 4 lórí Celsius tàbí kó dín.

Eruku: òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ni kí ẹ parí sí, àkísà tó rin díẹ̀ sì ni kí ẹ lò. Abẹ fáànù ni ẹ kọ́kọ́ máa nù, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti gbálẹ̀ tán.

Ìpele 8: Òórùn dídùn

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ètè ti lọ wàyí, ẹ lè wá tọ́jú làpálàpá. Ẹ ó rí i pé ohun kékeré ti tó. Ọṣẹ ìwẹ̀ tí a tú kúrò nínú bébà rẹ̀, tí a fi sáàárín aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á máa ta sánsán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ ó sì tún fi wẹ̀ nígbẹ̀yìn. Òwú tí a kán lọ́fíńdà mélòó kan sí, tí a fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ń ná yín kéré ju fífín lọ. Ẹ má retí ohun ńlá láti ọ̀dọ̀ abọ́ baking soda tí a gbé sí àárín yàrá. Ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún káńfọ̀. Oògùn kòkòrò ni, májèlé sì ni. Èyí tí wọ́n fi naphthalene ṣe lè wó ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ kò ní G6PD tó, èyí tó jẹ́ èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, àní láti ara aṣọ tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ lásán. Kò yẹ kó wà nínú aṣọ ìkókó, nínú balùwẹ̀, tàbí níbi tí ọmọ lè rò pé ohun dídùn ni. Tùràrí àti ohun gbogbo tó ń mú èéfín jáde pẹ̀lú, ẹ má sun ún nínú yàrá tí a tì pa. Èéfín yẹn á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyókù á lẹ̀ mọ́ ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Kí gbogbo rẹ̀ má baà padà sẹ́yìn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà ní alaalẹ́: ẹ da ìdọ̀tí olómi nù, ẹ nu síǹkì gbẹ, ẹ fún kànìnkànìn kí ẹ sá a, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, agolo ìdọ̀tí àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ibi tí páìpù ti tẹ̀ àti ẹ̀yìn fíríìjì.

*Àyẹ̀wò ìkẹyìn:* ní ọjọ́ tí ẹ bá ní láti jáde fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa gbogbo fèrèsé dé, ẹ má fín ohunkóhun. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ fa ìmí mẹ́ta. Bí òórùn kan bá ṣì pàdé yín níbẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kan lọ́fíńdà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ padà sí ìpele 1, láti yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ.